Kíkí àwọn tó kú sójú ogun: ìtọ́sọ́nà fún ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó fẹ́ lọ sí itẹ́ òkú ológun

Nílùú wa, ilé ni a ń sin àgbà sí. Ojú oórì bàbá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ọmọ ọmọ ń jókòó lé e lórí, wọ́n ń sá ẹ̀gẹ́ sí i, wọ́n ń ta ayò níbẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ń bẹ̀rù. Ẹni tó kú sójú ogun ni kò ní irú oórì bẹ́ẹ̀. Láyé àtijọ́, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ a gé irun orí rẹ̀ àti èékánná rẹ̀ bọ̀ wálé, kí ẹbí lè rí ohun tí wọn yóò sin. Àmọ́ àwọn tó lọ ogun Hítílà ní Bọ́mà, kò sẹ́ni tó gé irun wọn bọ̀. Létà ló dé. Nílé mìíràn, létà pàápàá kò dé.

Àbúrò bàbá àgbà mi kan wà lára wọn. Títí ìyá rẹ̀ fi kú, wọn kì í dárúkọ rẹ̀ níṣojú ìyá náà, nígbà tó sì fi máa kú, ẹnu ilé ti gbàgbé orúkọ ọ̀hún díẹ̀díẹ̀. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ lọ sí itẹ́ òkú ológun tó wà n'Ìbàdàn, ńṣe ni mo lọ bí ẹni lọ wòran: mo ya fọ́tò, mo yí po lẹ́ẹ̀kan, mo jáde kí ogún ìṣẹ́jú tó pé. Kò sí ohun tó yí padà nínú mi. Nígbà kejì, mo mú orúkọ dání lọ. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìrìn méjèèjì ni mo fẹ́ kọ síbí, ní ìgbésẹ̀-ìgbésẹ̀, kí ẹni tó bá fẹ́ lọ má baà fi ìrìn àkọ́kọ́ ṣòfò bíi tèmi.

Ẹ jẹ́ kí n ti ibi orúkọ ìlú wa bẹ̀rẹ̀. Ìtàn tí gbogbo wa gbọ́ dàgbà ni pé Ògúnlọlá, Ṣọ̀ún àkọ́kọ́, ló pa Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ tó ń da Ọ̀yọ́ láàmú, tó gbé orí rẹ̀ lọ fún Aláàfin, tí wọ́n fi ń pè é ní Ògbórí-Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́, títí ó fi di Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹ gbọ́ ohun tó wà nínú orúkọ náà dáadáa. Ọ̀tá tí a pa ni a ń dárúkọ nígbàkígbà tí a bá sọ ibi tí a ti wá. Àwọn àgbà a máa fi òwe bá oníjà wí pé ìjà ò dọlà, orúkọ ní í sọni. Ní itẹ́ òkú ológun, orúkọ ni gbogbo ohun tó ṣẹ́kù: orúkọ tiwa, àti orúkọ ẹni tó bá wa jà.

Ẹ kọ́kọ́ jókòó ti àgbà

Ẹ má tíì wá mọ́tò. Ẹ lọ bá ẹni tó dàgbà jù nínú ilé, pàápàá àwọn obìnrin: àwọn ọmọ-osú, àti àwọn ìyàwó ilé tó ti pẹ́. Àwọn ọkùnrin lè sọ ọdún àti ìjà fún yín, ṣùgbọ́n àwọn obìnrin ló mọ oríkì, àwọn ló mọ bí ìyá rẹ̀ ṣe sunkún. Ẹ mú nǹkan dání lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ búrẹ́dì. Ẹ má yọ bírò lójú ẹsẹ̀ bí ẹni tó ń gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ ní àgọ́ ọlọ́pàá. Ẹ tọrọ àyè kí ẹ tó fi fóònù gba ohùn wọn sílẹ̀, bí wọ́n bá sì dákẹ́ nídìí ọ̀rọ̀ kan, ẹ jẹ́ kó di ọjọ́ mìíràn. Lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tí gbogbo ilé ń pè ní Ìyá Àgbà, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo lọ kí orúkọ náà tó pé.

Ohun tí ẹ ń wá nìyí: orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ ní ọjọ́ kẹjọ, oríkì rẹ̀, orúkọ tó gbà ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ní mọ́sálásí, ìnagijẹ rẹ̀, iṣẹ́ tó ń ṣe kó tó lọ, àwọn tí wọ́n jọ lọ, àti ogun tó bá lọ.

Èyí tó kẹ́yìn yẹn ṣe pàtàkì púpọ̀, nítorí ogun mẹ́ta ló kó ọmọ wa lọ ní ọ̀rúndún tó kọjá. Bí wọ́n bá mẹ́nu ba Kamẹrúùnù, ogun 1914 sí 1918 ni. Àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà bá Jámánì jà níbẹ̀ títí di 1916, lẹ́yìn náà ni wọ́n kó wọn sọdá òkun lọ sí Ìlà-Oòrùn Áfíríkà, níbi tí ìjà Mahiwa ti pa púpọ̀ nínú wọn ní oṣù Kẹwàá 1917. Bí wọ́n bá dárúkọ Bọ́mà tàbí Íńdíà, ogun Hítílà ni, inú dífíṣọ̀n 81 tàbí 82 ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ló sì ṣeé ṣe kó wà, àwọn tó fi orí ru ẹrù la igbó Arakan àti àfonífojì odò Kaladan já. Bí ẹ bá gbọ́ Orè, Nsukka tàbí Onitsha, ogun abẹ́lé tiwa ni, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 6 oṣù Keje 1967, tó parí ní ọjọ́ 15 oṣù Kìíní 1970. Ibi tí ẹ ó ti wá orúkọ yàtọ̀ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Wíwá orúkọ

Fún ogun méjì àkọ́kọ́, ibi tí ẹ ó lọ ni ìkànnì Commonwealth War Graves Commission, ìgbìmọ̀ tí Fabian Ware dá sílẹ̀ ní 1917 láti máa bójú tó sàréè àwọn ológun tó jà lábẹ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì. Orúkọ bíi mílíọ̀nù 1.7 ló wà lọ́wọ́ wọn. Ọ̀fẹ́ ni, fóònù lásán sì tó o. Ẹ rántí pé àwọn tó kú láàárín oṣù Kẹjọ 1914 sí oṣù Kẹjọ 1921, àti láàárín oṣù Kẹsàn-án 1939 sí òpin 1947, nìkan ni wọ́n ń kọ. Ẹni tó bá kú ní 1968, ẹ kò ní bá a níbẹ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kùnà ni bí wọ́n ṣe kọ orúkọ. Akọ̀wé tó jókòó níwájú ọmọ ogun tuntun kò gbọ́ Yorùbá, ohun tí etí rẹ̀ bá gbé ló ń kọ. Lọ́pọ̀ ìgbà, bí ọmọkùnrin náà bá sọ orúkọ kan ṣoṣo, orúkọ ìlú rẹ̀ ni wọ́n á fi ṣe orúkọ kejì. Nítorí náà ẹ má wá orúkọ ìdílé yín nìkan. Ẹ tẹ Ogbomosho bí orúkọ ìdílé, ẹ tẹ Ogbomoso, ẹ tẹ Oyo, ẹ tẹ Ibadan, kí ẹ wá máa wo orúkọ àkọ́kọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ pa àmì ohùn tì, ẹ fi «sh» rọ́pò «ṣ», ẹ gbìyànjú orúkọ mọ́sálásí rẹ̀ ní oríṣi mẹ́ta mẹ́rin. Bí ìwé iṣẹ́ ológun kan bá kù nínú àpótí ilé, ẹ wá nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú NA nínú rẹ̀. Nọ́ńbà kì í ṣi orúkọ pè.

Bí ẹ bá rí i, ojú ìwé náà yóò sọ ipò rẹ̀, ọjọ́ tó kú àti ibi tó wà fún yín. Bó bá jẹ́ àkójọ, ìlà àti nọ́ńbà sàréè ni wọ́n kọ, ó ní oórì. Bó bá jẹ́ nọ́ńbà pátákó ni wọ́n kọ, a jẹ́ pé wọn kò rí òkú rẹ̀ tàbí wọn kò mọ èyí tó jẹ́ tirẹ̀, orúkọ rẹ̀ nìkan ló wà lára ògiri. Ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ Bọ́mà wa wà bẹ́ẹ̀, lára ògiri ìrántí Rangoon tó wà nínú itẹ́ òkú Taukkyan, ẹ̀yìn ìlú Yangon. Orúkọ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 27,000 ló wà lára ògiri náà, sàréè tó sì lé ní 6,000 ló yí i ká. Ibẹ̀ ni tiwa wà. Ọ̀nà Myanmar, orúkọ tí Bọ́mà ń jẹ́ báyìí, kò rọrùn láti rìn lóde òní, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kí i láti Ìbàdàn.

Bí ẹ kò bá rí i ńkọ́? Ẹ má rò pé àgbà ló purọ́. Ní 2021, Ìgbìmọ̀ náà fúnra rẹ̀ gbé àbájáde ìwádìí kan jáde, ó sì tọrọ àforíjì: nínú àwọn tó kú nítorí ogun 1914 sí 1918, ó kéré tán 116,000, ó sì lè tó 350,000, ni wọn kò kọ orúkọ wọn síbì kankan tàbí tí wọn kò ṣe ìrántí wọn rárá. Ọmọ Áfíríkà ni ọ̀pọ̀ wọn. Gómìnà Gold Coast (Ghana òde òní) ayé ìgbà náà, Gordon Guggisberg, ló sọ ní 1923 pé ọmọ ilẹ̀ náà kò ní mọ ìtumọ̀ òkúta orí sàréè, kò sì ní mọyì rẹ̀. Nígbà tí mo kà á, mo dìde kúrò nídìí fóònù. Àwa tí à ń sùn, tí à ń jí lẹ́gbẹ̀ẹ́ oórì bàbá wa! Ó yẹ kí inú bí yín, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó mú yín jókòó sílé. Bí wọn kò bá kọ ọ́ sára òkúta, ẹ̀yin ẹ kọ ọ́ sínú ìwé tí ẹ ó mú dání.

Ní ti ogun abẹ́lé, iṣẹ́ ẹnu àgbà ló pọ̀ jù. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn ajagunfẹ̀yìntì tí wọ́n jọ wà ní ẹgbẹ́ kan, kí ọwọ́ wọn tó wọ́n. Mùsíọ̀mù ogun tó wà ní Umuahia, tí wọ́n ṣí ní 1985, dára láti bẹ̀ wò lẹ́yìn náà, pàápàá fún ẹni tí kò tíì gbọ́ bí ogun náà ṣe rí lẹ́nu ará ìhà ọ̀hún.

Ọjọ́ wo ló dára

Ọjọ́ 15 oṣù Kìíní ni ọjọ́ ìrántí àwọn ológun nílẹ̀ wa. Ọjọ́ 11 oṣù Kọkànlá ni tẹ́lẹ̀, bíi ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì, kí wọ́n tó gbé e wá sí ọjọ́ tí ogun abẹ́lé parí. Lọ́jọ́ náà, gómìnà á fi òdòdó sílẹ̀, wọ́n á yìnbọn sókè, wọ́n á dá ẹyẹlé sílẹ̀. Ọjọ́ kan náà, ní 1966, ni wọ́n pa Ládòkè Akíntọ́lá, Olórí Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn àti Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, ọmọ ìlú wa. Ọjọ́ tó wúwo ni fún Ògbómọ̀ṣọ́.

Ìmọ̀ràn mi: ẹ wo ayẹyẹ náà lórí tẹlifíṣọ̀n, kí ẹ wá lọ ní ọjọ́ kejì tàbí ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ibi tí fèrè àti mọ́tò aláṣẹ bá pọ̀ sí kì í ṣe ibi tí a ti lè dárúkọ ẹni kan ṣoṣo. Ọyẹ́ ṣì ń fẹ́ nígbà náà, ilẹ̀ gbẹ, oòrùn sì ń dagun ní òwúrọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, èyí tí yóò ràn yín lọ́wọ́ láti ka òkúta tó ti ń parẹ́. Ẹ má lọ nígbà tí òjò bá ń rọ̀ gan-an.

Ohun tí ẹ ó mú dání

Ìwé tí ẹ kọ orúkọ sí, bírò méjì, omi, fìlà tàbí gèlè, dígí kékeré kan. Bí ẹ bá ní fọ́tò rẹ̀, ẹ mú ẹ̀dà rẹ̀ lọ, kí ẹ fi ojúlówó sílẹ̀ nílé.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń mú òdòdó pupa kan tí wọ́n ń pè ní poppy lọ, èyí tó ń hù lójú ogun Faransé àti Bẹ́ljíọ́ọ̀mù. Kò sí ìdí tí àwa náà fi gbọ́dọ̀ wá a kiri. Òdòdó tó bá hù lẹ́yìnkùlé yín tó. Ẹnì kan nínú wa mú màrìwò lọ, nítorí òun ni à ń so mọ́ ọkọ̀ tó bá gbé òkú, ó sì wọ̀ mí lọ́kàn, àmọ́ àwọn mìíràn tí a jọ lọ kò fara mọ́ ọn nítorí ìgbàgbọ́ wọn. Ẹ fẹnu kò nílé kí ẹ tó gbéra. Ẹ má ta epo tàbí ọtí sára òkúta, ẹ má sì gbé obì tàbí oúnjẹ lé e lórí: ó ń ba òkúta jẹ́, ó sì jẹ́ pé sàréè ẹlẹ́sìn mìíràn lè wà ní ìgbọ̀nwọ́ méjì sí i. Ẹni tó bá fẹ́ ta omi sílẹ̀ fún òkú rẹ̀, kó ta á sí ilẹ̀ lásán, díẹ̀.

Ojú ọ̀nà

Láti Tákìẹ́ sí Ìbàdàn jẹ́ bíi 100 kìlómítà, Ọ̀yọ́ sì wà láàárín méjèèjì. Ẹ tètè gbéra kí tírélà tó kún ọ̀nà, kí ẹ sì ṣètò láti padà délé kí ilẹ̀ tó ṣú. Kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ wo àpèjúwe ibi tí itẹ́ òkú náà wà lórí ìkànnì Ìgbìmọ̀, nítorí onímọ́tò mìíràn lè gbé yín lọ sí itẹ́ òkú gbogboogbò. Bó bá jẹ́ inú bárékè ni itẹ́ tí ẹ ń lọ wà, ẹ kọ̀wé ṣáájú, ẹ mú káàdì ìdánimọ̀ dání, ẹ má sì ya fọ́tò kankan láì gba àyè.

Bí ẹ bá ní wákàtí kan, ẹ dúró díẹ̀ ní Ọ̀yọ́. Ìlú náà gan-an, ogun ló gbé e débẹ̀: ogun ló tú Ọ̀yọ́-Ilé ká, kí Aláàfin Àtìbà tó tẹ ìlú tuntun dó sí Àgọ́ Ọjà. Ẹ sọ ọ́ fún àwọn ọmọ tó bá wà nínú ọkọ̀.

Nígbà tí ẹ bá dé ẹnu ọ̀nà

Ẹ kí ẹni tó ń tọ́jú ibẹ̀ kí ẹ tó wọlé. «Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú àmójútó àwọn ènìyàn wa.» Òun ló ń gé koríko orí wọn nígbà tí a kò wá. Ẹ sọ orúkọ ẹni tí ẹ wá kí fún un, yóò máa tọ́ yín sọ́nà. Ní ọ̀pọ̀ itẹ́ Ìgbìmọ̀ yìí, àpótí kékeré kan wà lára ògiri tí ìwé àkọsílẹ̀ orúkọ àti ìwé àlejò máa ń wà nínú rẹ̀. Ẹ fọwọ́ sí ìwé àlejò náà, kí ẹ sì kọ orúkọ ìlú wa síbẹ̀ ní kíkún.

Kíka òkúta

Gbogbo òkúta wọn dọ́gba, ìwọ̀n 81 sẹ̀ǹtímítà ní gíga, ti ọ̀gágun àti ti ẹni tó ń ru ẹrù. Òfin wọn ni pé kí ipò, àwọ̀ tàbí ẹ̀sìn má ṣe ya ẹnikẹ́ni sọ́tọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe sọ, wọn kò tẹ̀ lé e dé ọ̀dọ̀ wa nígbà àkọ́kọ́. Láwọn ibì kan, bíi Taukkyan, pèpéle kékeré ló wà nílẹ̀ pẹ̀lú àwo idẹ lórí.

Lókè òkúta ni àmì ẹgbẹ́ ọmọ ogun rẹ̀ wà. Lábẹ́ rẹ̀ ni nọ́ńbà, ipò, orúkọ, ọjọ́ ikú. Àgbélébùú ń sọ Kìrìsìtẹ́nì, lẹ́tà Lárúbáwá sì ń sọ Mùsùlùmí. Nísàlẹ̀ pátápátá ni ọ̀rọ̀ tí ẹbí yàn máa ń wà, ìlà kúkúrú kan. Ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ ẹbí pọ̀ lórí òkúta àwọn òyìnbó, ó sì ṣọ̀wọ́n lórí tiwa. Ọ̀rọ̀ tí ẹbí tiwa ìbá sọ ṣì wà nílé, lẹ́nu Ìyá Àgbà.

Bí ẹ bá rí òkúta tí kò ní orúkọ, tí wọ́n kàn kọ sí i pé ọmọ ogun kan ni, Ọlọ́run ló mọ̀ ọ́n, ẹ dúró níbẹ̀ pẹ̀lú. Rudyard Kipling, òǹkọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì, ló yan ọ̀rọ̀ náà. Ọmọ tirẹ̀ sọnù sójú ogun ní 1915, kò sì rí òkú rẹ̀ títí tó fi kú.

Bí lẹ́tà bá ti ń parẹ́, ẹ fi dígí kékeré yẹn da ìmọ́lẹ̀ oòrùn sí i láti ẹ̀gbẹ́, lẹ́tà á hàn. Ẹ má fi ẹfun kùn ún, ẹ má fi ọṣẹ tàbí búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́. Bí nǹkan kan bá fọ́, ẹ ya fọ́tò rẹ̀, ẹ fi ránṣẹ́ sí Ìgbìmọ̀.

Dídárúkọ

Ibí ni ọkàn ìrìn àjò náà wà, ẹ má ṣe kánjú.

Ẹ dúró níwájú òkúta tàbí, bí tiyín kò bá sí níbẹ̀, ní àárín gbọ̀ngàn níbi tí àgbélébùú ńlá wà. Ẹ ka orúkọ náà jáde, sókè, bí ẹni ń pe ènìyàn láti yàrá kejì. Orúkọ tí ilé sọ ọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ pè, lẹ́yìn náà èyí tí àwọn ológun kọ. Ẹ sọ ọmọ ẹni tó jẹ́ àti agboolé rẹ̀. Bí ẹnì kan bá mọ oríkì rẹ̀, kó kì í. Èmi kò mọ̀ ọ́n kì, nítorí náà mo pe Ìyá Àgbà lórí fóònù, mo sì gbé ohùn rẹ̀ sókè. Ó kì í fún bíi ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ẹni tó ń gé koríko bọ́ fìlà, ó sì dúró títí ó fi parí. Lẹ́yìn oríkì ni kí ẹ dákẹ́. Àṣà ìṣẹ́jú méjì ìdákẹ́jẹ́ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi sílẹ̀ dára, ṣùgbọ́n ìdákẹ́jẹ́ tí kò sí orúkọ ṣáájú rẹ̀ máa ń ṣófo fún mi.

Ìgbésẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni ọ̀pọ̀ ń fò. Ẹ yíjú sí òkúta tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ti ẹni tí kì í ṣe tiyín. Ó lè jẹ́ Hausa, Tiv, tàbí òyìnbó tí kò sí ẹbí rẹ̀ tó lè dé ìhín láéláé. Ẹ ka orúkọ òun náà sókè, kí ẹ kí i bí ẹ ṣe ń kí aládùúgbò. Bí ẹ bá ní ọ̀rẹ́ tó gbọ́ èdè rẹ̀, ẹ fi fóònù béèrè bí wọ́n ṣe ń pè é kí ẹ má baà ṣì í pè. Márùn-ún tó fún ìbẹ̀wò kan.

Nígbà tí ẹni ìhà kejì bá wà pẹ̀lú yín

Ìrẹ́pọ̀ kì í ti inú ọ̀rọ̀ gómìnà wá. Láti 1953 ni ẹgbẹ́ tó ń tọ́jú sàréè àwọn ọmọ ogun Jámánì ti ń pe ọ̀dọ́ àwọn orílẹ̀-èdè tó bá ara wọn jà jọ, bẹ̀rẹ̀ láti Lommel ní Bẹ́ljíọ́ọ̀mù, kí wọ́n jọ máa ro koríko orí sàréè. Iṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Èmi gbà pé ó tọ́ bẹ́ẹ̀.

Àwa ní ìhà kejì tiwa nítòsí. Ọkùnrin Ìgbò kan ń ta sípéà pátì ládùúgbò wa, a ti jọ ń gbé láti ọdún pípẹ́. Mo bẹ̀ ẹ́ kó bá mi lọ ní ìgbà kejì yẹn, ó sì gbà. Nínú ọkọ̀, kí a tó dé Ọ̀yọ́, mo ṣe àṣìṣe tí n kò fẹ́ kí ẹ ṣe. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi Benjamin Adékúnlé yangàn, ọmọ ìlú wa tó darí ọmọ ogun orí omi tó gba Bonny àti Calabar ní 1967, tó gba Port Harcourt ní 1968. A ti gbọ́ ìtàn akọni yẹn láti kékeré. Ọ̀rẹ́ mi kò fèsì. Ó wo ìta títí a fi kọjá Ọ̀yọ́. Lẹ́yìn náà ló sọ jẹ́jẹ́ pé lọ́dún tí wọ́n gba Port Harcourt yẹn, tí ọ̀nà òkun tó kẹ́yìn dí, ni ebi pa àbúrò ìyá òun méjì, àwọn ọmọdé. Mo tọrọ àforíjì nínú ọkọ̀ níbẹ̀, níwájú gbogbo èrò.

Láti inú ìyẹn ni mo ti kọ́ ohun tí mo ń sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ mú ẹni ìhà kejì dání. Ẹ pè é ṣáájú dáadáa, kó lè lọ bi àwọn àgbà tirẹ̀ léèrè orúkọ. Ẹ jẹ́ kí òun kọ́kọ́ ka tirẹ̀. Ẹ má bi í pé ta ló bẹ̀rẹ̀ ogun, ẹ bi í pé, «Nínú ilé yín, ta ni kò bọ̀?» Ẹ má fi iye òkú tiyín wé tirẹ̀. Bó bá mú ọ̀rọ̀ ogún pọ́ùn wá, owó táṣẹ́rẹ́ tí wọ́n fún àwọn tó ní owó nílé ìfowópamọ́ lẹ́yìn ogun, ẹ gbọ́ ọ títí dópin. Gowon sọ pé kò sí aṣẹ́gun, kò sí ẹni tí wọ́n ṣẹ́gun, ọ̀rọ̀ tó dára ni, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rere yẹn kọ́ ló yẹ kí ẹ fi pa ẹni tó ń sọ ìrora rẹ̀ lẹ́nu mọ́. Bí ẹ bá ní ohun tí ẹ ó tọrọ àforíjì fún, ẹ tọrọ rẹ̀ ní tààrà.

Ìtàn méjì wà tí mo máa ń sọ níbẹ̀. Ti Adékúnlé Fájuyì, gómìnà ológun Ìwọ̀-Oòrùn, tí wọ́n pa pẹ̀lú àlejò rẹ̀, Aguiyi-Ironsi, olórí ìjọba ológun ìgbà náà, ní oṣù Keje 1966, lẹ́yìn tí wọ́n mú wọn n'Ìbàdàn kan náà. Àwọn Ìgbò kò gbàgbé orúkọ rẹ̀. Èkejì ni ti Isaac Fádóyèbọ̀ láti Emùré-Ilé, nítòsí Ọ̀wọ̀. Àwọn Jàpáànù ṣe é léṣe ní Bọ́mà ní 1944, òun àti ọmọ Sierra Leone kan. Àgbẹ̀ Mùsùlùmí kan níbẹ̀, tó ń jẹ́ Shuyiman, fi wọ́n pamọ́ fún oṣù mẹ́sàn-án, pẹ̀lú ewu ẹ̀mí ara rẹ̀ àti ti ìdílé rẹ̀. Ó lé ní ọgọ́ta ọdún kí létà ọpẹ́ Fádóyèbọ̀ tó dé ọwọ́ àwọn ọmọ àgbẹ̀ náà, bàbá wọn ti kú. Orúkọ Shuyiman wà nínú ìwé tí mo ń mú dání.

Kò sí sàréè ọmọ ogun Bìáfrà níbi tí a lọ, orúkọ àwọn ọmọdé méjì yẹn kò sì lè sí lára òkúta ológun kankan. Ọ̀rẹ́ mi kà wọ́n láti inú pépà rẹ̀. Èmi náà tún wọn kà lẹ́yìn rẹ̀, nítorí ó ní òun fẹ́ gbọ́ bí ará Ògbómọ̀ṣọ́ ṣe ń pè é.

Àwọn ọmọdé

Ẹ mú wọn lọ bí wọ́n bá ti lè kàwé. Ẹ sọ fún wọn ṣáájú pé kò sí iwin níbẹ̀, àwọn ẹ̀gbọ́n tí kò padà wálé ni. Ẹ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní orúkọ kan ṣoṣo láti wá láàárín òkúta, kí òun fúnra rẹ̀ kà á. Wọn kì í sáré lé sàréè lórí mọ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ní ẹni tiwọn níbẹ̀. Bí àgbà ilé bá ní kí gbogbo yín bọ́jú, kí ẹ fọwọ́ kí ẹ tó wọlé, ẹ ṣe é.

Lẹ́yìn tí ẹ bá padà délé

Lọ́jọ́ kan náà, kí ẹ tó sùn, ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Bí wọ́n bá ṣi orúkọ ẹni yín kọ lójú ìwé Ìgbìmọ̀, ẹ kọ̀wé sí wọn pẹ̀lú ẹ̀rí tó bá wà lọ́wọ́: ìwé iṣẹ́, létà, fọ́tò. Wọ́n ń ṣe àtúnṣe, wọ́n sì ń wá orúkọ àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n fò báyìí. Ẹ pa ohùn àgbà tó wà lórí fóònù mọ́ síbi méjì, nítorí fóònù ń sọnù.

Lẹ́yìn náà kí ẹ lọ jíṣẹ́ fún ẹni tó fún yín ní orúkọ. Mo lọ bá Ìyá Àgbà, mo fi fọ́tò hàn án, mo sọ bí ọkùnrin tó ń gé koríko ṣe bọ́ fìlà. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó wá nàka sí òkúta kan ní igun fọ́tò náà, èyí tí mo ti kà sókè tí n kò sì kọ sílẹ̀. «Eléyìí ńkọ́? Ta ni wọ́n ń pè é, níbo nilé wọn?» N kò rántí. Mo ní láti padà lọ sí Ìbàdàn kí n tó lè dá a lóhùn.